Orúkọ kan, ọ̀nà mẹ́ta láti kọ ọ́: bí ọmọ Okpara ṣe ń kó ọ̀rọ̀ jọ kó tó mọ̀wé kọ

Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́rin tó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ garí ní Okpara, lágbègbè Ṣábẹ̀ẹ́. Kí garí tó wọnú àpò, ó ti rí i pé wọ́n bó gbágùúdá, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n rin ín, wọ́n fún un, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n sì yan án. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà nìyẹn nídìí iṣẹ́ kan ṣoṣo, kò sì sí olùkọ́ kankan níbẹ̀. Bó bá béèrè pé, "Ìyá, kí lẹ ń ṣe yìí?" tí ìyá sì dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á di tirẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ "Kúrò níbẹ̀, má dà mí láàmú" ló ń gbọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, "kúrò" nìkan ni yóò mú délé.

Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé nígbà tó jẹ́ pé èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni nílé ìwé, ẹni tí kò gbọ́ Faransé kò ní nǹkan kan láti fún ọmọ rẹ̀ kó tó dé CI. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó kún àti ohun tó ṣófo, láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, láàárín àná àti ọ̀la ní Yorùbá, orúkọ tuntun nìkan ló kù fún un láti kọ́ lẹ́nu olùkọ́. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n ní èdè kankan, iṣẹ́ méjì ló wà níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: kó mọ nǹkan náà, kó sì tún mọ orúkọ rẹ̀ lédè àjèjì.

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò rí, kò sì jìnnà sí wa. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí à ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ló ṣáájú rẹ̀, àjọ Ford Foundation sì fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tó wọ́pọ̀ nígbà náà ni pé kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Fáfúnwá ní rárá: ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù, wọ́n sì ní kí olùkọ́ tó mọṣẹ́ dáadáa máa kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Kò rọrùn. Kò sí ìwé tó pọ̀ tó, wọ́n ní láti kọ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àwọn nǹkan kan nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n ní láti wá a. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kọ́ gbogbo rẹ̀ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Ẹ má rò pé gbogbo ènìyàn ló gbà pẹ̀lú wọn títí dòní. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n tún fagi lé e. Lọ́dọ̀ tiwa ní Benin, láti 2012 la ti wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó bẹ̀rẹ̀ ètò ELAN, tó ń fi èdè ìbílẹ̀ àti Faransé kọ́ ọmọ pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ló wà nínú rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin kò sì lè dúró de ìjọba.

Ó wá ku ọwọ́. Kí ọmọ tó lè di pẹ́ńsù mú, àwọn ìka rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lágbára. Bíbó ẹ̀pà, ṣíṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, fífi amọ̀ mọ nǹkan, gbogbo rẹ̀ ló ń múra ọwọ́ náà sílẹ̀, iṣẹ́ tó sì wà nílé tẹ́lẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni kó fi igi ya nǹkan sórí yanrìn. Tó bá tó bí ọmọ ọdún mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ọmọ á lè ya nǹkan róbótó. Tó bá tó mẹ́rin, á fi ìlà kan dábùú òmíràn. Ẹ bi í léèrè ohun tó yà. Bó bá ní ewúrẹ́ ni, ewúrẹ́ ni, bó tilẹ̀ jọ ìkòkò lójú yín. Ẹ kọ "ewúrẹ́" sábẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá mọ̀wé kọ, kó lè rí i pé ohun tó ti ẹnu òun jáde lè dúró sórí ilẹ̀.

Orúkọ ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ kọ́kọ́ máa ń fẹ́ kọ. Ibẹ̀ ni wàhálà tiwa wà, èyí tí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ kò ní. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ tó ń jẹ́ Ṣadé. Nínú ìwé tí oníṣòwò rà bọ̀ láti Nàìjíríà, Ṣ tó ní àmì nísàlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ṣètò ní 1975 tí wọ́n sì tún ṣe ní 1990, sh ni, a sì ń kọ ɛ dípò ẹ, ɔ dípò ọ, kp dípò p. Nínú ìwé ìbí rẹ̀, tí wọ́n kọ bí Faransé ṣe ń kọ ọ́, Chadé ni. Orúkọ ìlú wa pàápàá bá ọ̀rọ̀ yìí mu: kp tó wà láàárín Okpara, p nìkan ni ará Nàìjíríà máa kọ síbẹ̀. Àmì orí è náà ńkọ́? Nínú ìwé Nàìjíríà, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń fi hàn. Lọ́wọ́ Faransé, ó ń sọ è di ẹ.

Àgbàlagbà gan-an lè sọnù síbẹ̀, kí á má tíì sọ ọmọdé. Ohun tó ń dààmú ọmọ jù ni kí bàbá kọ ọ́ báyìí lónìí, kí ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ báyẹn lọ́la. Lójú tèmi, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wà nínú ìwé ìbí, torí òun ni olùkọ́ CI máa kọ sórí ìwé rẹ̀. Kí gbogbo ilé sì dúró lórí ìyẹn. Nígbà tó bá ti mọ̀ ọ́n kà dáadáa, ẹ wá fi ìyókù hàn án, kó mọ̀ pé òun kan náà ni wọ́n ń pè.

Ẹ̀yin tí kò mọ̀wé, ẹ̀yin lẹ ni àlọ́ àti ìtàn. Ẹ pa á fún wọn lálẹ́, kí ẹ sì dákẹ́ láàárín, kí ẹ ní kí ọmọ sọ ohun tó rò pé ìjàpá máa ṣe. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní CM2 lè kọ "garí", "àgbàdo", "kajú" sára àpò, kí àbúrò máa wá èyí tí ẹ ní kó gbé wá.

Ọmọ ọdún márùn-ún tó kọ E tàbí S sódì kò ṣàìsàn, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe é títí di bí ọdún méje. Ẹ má nà án. Ẹ kọ tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó wò ó.