Nǹkan Mẹ́tàlélógún Tí Òṣìṣẹ́ Láíbìrì Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ́

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, àwọn láíbìrì ìjọba ìlú Charlotte, ní ìpínlẹ̀ North Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé ètò ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Helene Blowers, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀, ló ṣètò rẹ̀. Learning 2.0 ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n 23 Things, ìyẹn Nǹkan Mẹ́tàlélógún, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Iṣẹ́ kéékèèké mẹ́tàlélógún ni òṣìṣẹ́ yóò ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan: kí ó ṣí búlọ́ọ̀gù tirẹ̀, kí ó lọ wo fọ́tò lórí Flickr, kí ó tún ojú ewé wiki kan kọ, kí ó wá fídíò lórí YouTube, kí ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí búlọ́ọ̀gù náà.

Ohun tó fà á kò fara sin. Láti 2001 tí Wikipedia ti bẹ̀rẹ̀ títí di 2005 tí YouTube dé, íńtánẹ́ẹ̀tì ti kọjá ibi tí ènìyàn kàn ti ń kàwé; ẹnikẹ́ni ti lè kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tó ń wá sí láíbìrì ń béèrè bí wọ́n ṣe máa gbé fọ́tò sórí ayélujára, òṣìṣẹ́ tó mọ kátálọ́ọ̀gì bí ẹní mowó kò sì rí èsì fún wọn.

Kò sí olùkọ́ tó dúró síwájú kíláàsì. Kálukú ń ṣe é lásìkò tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹni tó bá sì wù lè fi orúkọ àdàpè kọ búlọ́ọ̀gù rẹ̀. Ẹni tó bá parí gba ẹ̀rọ MP3 kékeré tí a fi ń gbọ́ orin. Orúkọ àdàpè yẹn ṣe pàtàkì ju ẹ̀bùn náà lọ. Àgbà tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kì í fẹ́ kí àwọn tó dé lánàá rí i níbi tó ti ń ṣi bọ́tìnnì tẹ̀. Ìtìjú ló ń dá púpọ̀ nínú wọn dúró, kì í ṣe àìlóye.

Nínú gbogbo irinṣẹ́ ọ̀hún, LibraryThing ló sún mọ́ iṣẹ́ wọn jù. Tim Spalding ló dá a sílẹ̀ ní 2005. Ènìyàn lè to ìwé ilé rẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ tó bá wù ú ṣe àmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, nọ́ńbà tí yóò gbà nínú ìlànà Dewey tí láíbìrì fi ń to ìwé, tó ti wà láti 1876, ni 896.333, ìyẹn lítíréṣọ̀ Yorùbá, ojú kan ṣoṣo ló sì lè wà lórí pẹpẹ. Lórí LibraryThing, ẹnì kan lè kọ "ọdẹ" sí i, òmíràn "iwin", òmíràn "ìwé tí bàbá mi fẹ́ràn". Lójú ẹni tí wọ́n fi Dewey tọ́ dàgbà lẹ́nu iṣẹ́, rúdurùdu ni. Síbẹ̀, ọmọ tó ń wá ìtàn ọdẹ, tí kò mọ nọ́ńbà kankan, yóò rí ìwé náà. Òṣìṣẹ́ tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àmì sí ìwé mẹ́wàá ló máa ń mọ̀ pé nọ́ńbà ń sọ ibi tí ìwé wà, àmì ọ̀rọ̀ sì ń sọ ohun tí òǹkàwé ń rò lọ́kàn.

Àwọn láíbìrì Charlotte gba gbogbo ayé láyè láti lo ètò 23 Things lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì yí i bó ṣe bá wọn mu. Ní 2010, Oxford àti Cambridge náà ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irinṣẹ́ tí àwọn ènìyàn kọ́ nígbà náà kò dàgbà. Google pa Google Reader, tí a fi ń ka ohun tuntun láti oríṣiríṣi ìkànnì lójú kan, ní oṣù Keje 2013. Delicious, tí a ń kó àdírẹ́sì ìkànnì pamọ́ sí, ń ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn títí ó fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2017. Ẹni tó há ibi tí bọ́tìnnì wà sórí pàdánù. Èyí tó kọ́ bí a ti ń wọ ìkànnì tí a kò rí rí, tí a ó sì dán an wò láìbẹ̀rù, kò pàdánù ohun kan.

Irú ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe bẹ́ẹ̀ wúlò ní Nàìjíríà náà. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Koha ni ọ̀pọ̀ láíbìrì yunifásítì níbẹ̀ ń lò fún kátálọ́ọ̀gì àti ìwé yíyá. Láíbìrì Horowhenua ní New Zealand ló ní kí wọ́n ṣe é, nítorí ètò tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò lè wọ ọdún 2000. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà, wọ́n sì fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ. "Ẹ̀bùn" ni ìtumọ̀ Koha lédè Māori. Ìwé Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀ níbẹ̀. Ibi ìwákiri kan lè ka "Fágúnwà" àti "Fagunwa" sí orúkọ méjì. Lẹ́tà "ọ" pàápàá lè wà ní oríṣi méjì nínú kọ̀ǹpútà, èyí tó jẹ́ odindi àti èyí tí wọ́n fi àmì so mọ́ nísàlẹ̀, ojú ènìyàn kò sì lè dá wọn mọ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá ti tẹ orúkọ ìwé kan, tó wá a, tí kò rí i, bẹ́ẹ̀ ìwé náà wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀, ló máa ń tètè fura sí èyí.

Láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti dé, iṣẹ́ mìíràn tún ti kún un: àkọlé ìwé tàbí ti àpilẹ̀kọ inú jọ́nà tí kò sí níbì kankan, tí ẹ̀rọ hun pọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì mú wá pé òun ń wá a. Òǹkọ̀wé lè jẹ́ ẹni gidi, jọ́nà náà lè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ má sí. Òṣìṣẹ́ láíbìrì yóò wá a nínú WorldCat, tó kó kátálọ́ọ̀gì ẹgbẹẹgbẹ̀rún láíbìrì pọ̀, yóò yẹ DOI rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá àpilẹ̀kọ mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wò, yóò sì ṣí jọ́nà náà fúnra rẹ̀ sí ojú ewé tí wọ́n dárúkọ. Bí kò bá sí nínú ọ̀kankan, ojúṣe rẹ̀ ni láti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà, láìfi í ṣe ẹlẹ́yà, pé ohun tó ń wá yẹn kò sí, kí ó sì bá a wá èyí tó wà.