Àtẹ̀gùn Ẹnu Ọ̀nà Yín

Obìnrin kan tí ń fi ọ̀pá méjì rìn gbé ọmọ rẹ̀ tí ibà ń ṣe pọ̀n wá sí ilé ìwòsàn wa lẹ́yìn òjò. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó kó ọ̀pá sílẹ̀, ó fi ọwọ́ àti orúnkún gùn ún nínú ẹrẹ̀. Ojú tì mí. Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dí i lọ́nà, àtẹ̀gùn tí a mọ ni.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù àti ìyá tí làkúègbé ń dà láàmú wà nínú ilé wa.

Ẹ pe bíríkìlà kí ó fi sìmẹ́ńtì mọ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Fún gíga ínṣì 1, kí ó gùn tó ínṣì 12. Àtẹ̀gùn tó ga ní ínṣì 6 yóò gba ẹsẹ̀ bàtà 6. Kí ó má ṣe dán ojú rẹ̀, kí ó má baà máa yọ̀. Kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tó ínṣì 32, kí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé. Ẹ kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́.

Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe yìí. Ó ti pé ní 2024. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín.

A ti mọ tiwa. Nígbà tí obìnrin náà tún wá, ọ̀pá rẹ̀ ló fi rìn wọlé.