Lámilámi Hàwáì àti Omi Tí Oníkálùkù Yàn

Ní agbedeméjì Òkun Pàsífíìkì, ní àwọn erékùṣù Hàwáì, ìdílé lámilámi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé. Megalagrion ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Pinao ʻula ni lẹ́nu àwọn ọmọ onílẹ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ lé ní 20, bẹ́ẹ̀ baba ńlá kan ṣoṣo tó la òkun kọjá ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá.

Bí wọ́n bá fẹ́ gùn, akọ a fi ṣóńṣó ìrù gbá abo mú lọ́rùn. Abo a ká ìrù tirẹ̀ sábẹ́ akọ, àwọn méjèèjì a sì rí roboto. Lẹ́yìn èyí, abo a fi ohun mímú tó wà ní ìdí rẹ̀ gún ara ewéko, a sì yé ẹyin síbẹ̀. Ọmọ tó bá jáde kò ní ìyẹ́, ṣùgbọ́n ọdẹ ni: a lúgọ, a sì na ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde wàrà láti mú kòkòrò. Bó bá dàgbà tán, a gun ewéko, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ a là, lámilámi a sì yọ jáde.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀yà lámilámi yìí pín omi láàárín ara wọn. Àwọn kan ń dàgbà nínú odò tó ń sáré. Megalagrion koelense yan omi òjò tó dúró sí ìdí ewé ʻieʻie lórí òkè. Megalagrion oahuense kò wọ odò rárá. Abẹ́ ewéko uluhe, láàárín ewé jíjẹrà tó rin gbingbin, ni ọmọ rẹ̀ ń gbé.

Megalagrion xanthomelas ní tirẹ̀ yan pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó wọ́pọ̀ ní Honolulu rí. Ní 1905, wọ́n kó ẹja kéékèèké wá láti jẹ tanwíjí, kí ẹ̀fọn lè dínkù, àmọ́ ẹja ń jẹ ọmọ lámilámi pẹ̀lú. Nígbà tó yá, odò kékeré kan ní ọgbà ilé ìwòsàn ológun Tripler nìkan ló kù sí ní Oahu. Ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà kà á mọ́ ẹ̀dá tó fẹ́ run.

Ẹja kò lè gun òkè lọ bá ọmọ inú ewé, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ igbó lè hú ewéko náà. Nítorí náà, ìdáàbòbò wọn kò gbọdọ̀ mọ sí odò: igbó tútù tó wà lókè ni ìyá omi fún àwọn kan nínú wọn.