Ọ̀nà Ọkọ̀ Òfuurufú láti Lọ́ńdọ̀nù dé New York

Bí olùkọ́ bá kọ ọ́ sí ojú pátákó pé ọkọ̀ òfuurufú gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní agogo 11 òwúrọ̀, tí ó sì gúnlẹ̀ sí New York ní agogo 2 ọ̀sán ọjọ́ náà, ọmọ tí ó mọ ìṣirò yóò dáhùn pé wákàtí 3 ni ìrìn àjò náà gbà. Bí ọkọ̀ náà bá tún kúrò ní New York ní agogo 7 alẹ́, tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní agogo 7 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà yóò ní wákàtí 12 ni. Ìdáhùn méjèèjì kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ̀bi ọmọ náà kọ́. Ó yẹ kí àwa tí a ń múra láti di olùkọ́ lè là á yé e.

Èkíní ni jíjìn ọ̀nà. Láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù dé ti Kennedy ní New York tó bí 3,440 máìlì. Bí a bá na okùn láti ìlú kan dé èkejì lórí àwòrán ayé roboto, a ó rí i pé okùn náà gba orí ilẹ̀ Ireland kọjá, ó sì gba Newfoundland ní Kánádà, kí ó tó dé New York. Ọ̀nà yìí dàbí èyí tí ó wọ́ lórí máàpù pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n òun ni ó kúrú jù lọ, nítorí ayé rí roboto bí ọsàn.

Èkejì ni agogo. Oòrùn a máa yọ ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó yọ ní New York. Nítorí náà agogo New York a máa fi wákàtí 5 rẹ̀yìn ní ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ọdún. Ní àlọ, a ó fi 5 kún 3, yóò di 8. Ní àbọ̀, a ó yọ 5 kúrò nínú 12, yóò ku 7.

Kí ni ó dé tí àlọ fi ju àbọ̀ lọ, nígbà tí ọ̀nà jẹ́ ọ̀kan náà? Afẹ́fẹ́ ni. Níbi gíga tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń fò, afẹ́fẹ́ líle a máa fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ẹni tí ó ti wa ọkọ̀ lójú odò mọ bí ìṣàn omi ti ń ran ẹni tí ń bá a lọ lọ́wọ́, tí ó sì ń fa ẹni tí ó dojú kọ ọ́ sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ń sá 550 máìlì ní wákàtí kan, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ 80 máìlì, àbọ̀ yóò jẹ́ 630 máìlì ní wákàtí kan, àlọ yóò sì jẹ́ 470. Èyí yóò gba nǹkan bí wákàtí 5 àbọ̀ ní àbọ̀, àti wákàtí 7 ó lé 20 ìṣẹ́jú ní àlọ, láì ka àkókò tí ọkọ̀ fi ń rìn nílẹ̀, tí ó fi ń gòkè, tí ó sì fi ń sọ̀kalẹ̀. Ní oṣù February 1920 ó lé 100 ọdún, èyíinì ni 2020, ìjì ran ọkọ̀ kan lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ti New York dé Lọ́ńdọ̀nù ní wákàtí 4 àti 56 ìṣẹ́jú.

Àwọn aṣáájú pàápàá mọ agbára afẹ́fẹ́ yìí. Ní June 1919, Alcock àti Brown fò láti Newfoundland dé Ireland láìdúró, ní nǹkan bí wákàtí 16. Ó di April 1928 kí ọkọ̀ irú rẹ̀ tó lè ti Ireland dé Kánádà láìdúró. Köhl, von Hünefeld àti Fitzmaurice ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lo wákàtí 36 ó lé.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ó lọ kò bá ní àwòrán ayé roboto, ọsàn kan àti òwú tó láti fi ọ̀nà náà han àwọn ọmọ. Nígbàkúùgbà tí a bá sì kọ agogo sí ojú pátákó, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ ìlú tí ó ni ín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.