BÍ ÀWÒRÁN ṢE Ń RAN ẸNI TÍ KÒ LÈ FỌHÙN LỌ́WỌ́

Àwọn àìsàn kan wà tí í de ènìyàn ní ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ahọ́n, ṣùgbọ́n tí làákàyè rẹ̀ wà ní pípé. Ẹ̀rọ kan ti wà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi ojú àti ọpọlọ rẹ̀ kọ̀wé. Bí a bá ṣe to àwòrán tí ó ń wò ni ẹ̀rọ náà yóò ṣe gbọ́ràn tó.

Ní ọdún 1929, oníṣègùn ará Jámánì kan, Hans Berger, fi han ayé pé a lè fi ẹ̀rọ ka agbára mànàmáná wẹ́wẹ́ tí ń ti inú ọpọlọ jáde, láìla orí. Ní 1988, Lawrence Farwell àti Emanuel Donchin ní Amẹ́ríkà to lẹ́tà àti àmì 36 sí ojú kọ̀ǹpútà, ìlà mẹ́fà ní ìbú, mẹ́fà ní òòró. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń tàn yẹ̀rì, ẹni tí ń lò ó a sì tẹjú mọ́ lẹ́tà tí ó fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ibùdókọ̀ Ajah ṣe àpèjúwe. Èrò tí ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ kì í ka igbe “Òṣòdì! Òṣòdì!” sí; ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ “Ẹ̀pẹ́!” lẹ́ẹ̀kan, ọkàn rẹ̀ a ta gìrì. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ń ṣe nígbà tí lẹ́tà tí ó ń retí bá tàn. Àmì ìtagìrì yìí ni ẹ̀rọ ń wá.

Bí agbèrò méjì tí ó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn bá jọ kígbe, èrò lè ṣìnà. Lẹ́tà tí ó wà nítòsí ara wọn ń da ọpọlọ rú bákan náà. Nítorí náà, ní 2010, àwọn onímọ̀ kan tún wọn tò kí aládùúgbò méjì má ṣe tàn pọ̀: nínú lẹ́tà 100, èyí tí ó tọ̀nà gòkè láti 77 dé 92. Ní 2011, àwọn kan ní Jámánì fi ojú àwọn olókìkí ènìyàn tàn lórí lẹ́tà. Àmì ọpọlọ sì hàn ketekete sí i.

Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra ṣe pàtàkì: ìmọ́lẹ̀ tí ń ṣẹ́jú kíákíá lè ru wárápá sókè lára àwọn mìíràn.

Bí ẹ̀rọ kò bá sí, ẹ na ìka sí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí aláìsàn ṣẹ́jú sí èyí tí ó fẹ́. Ẹ má ṣe ka ẹni tí kò lè fọhùn sí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà.