Àfòmọ́ Inú Eku Ìgbẹ́: Ìwé Ìlàlóye fún Ọdẹ, Àgbẹ̀ àti Alásè ní Ìtagúnmódì

Kò sí àgbẹ̀ oníkòkó ní Ìtagúnmódì tí kò mọ àfòmọ́, irúgbìn tí ẹyẹ ń gbé wá sórí igi, tí ó ń ta gbòǹgbò wọ inú ẹ̀ka kòkó tàbí obì, tí ó sì ń fa omi ara igi náà mu láì jẹ́ kí ó tètè kú, nítorí pé bí igi bá kú, àfòmọ́ náà kú nìyẹn. Orúkọ kan náà ni àwọn onímọ̀ fi ń pe aràn, eégbọn àti àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń gbé nínú ẹran tàbí lára rẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹun níbẹ̀. Ẹran tí ó gbà wọ́n sílé ni ìwé yìí yóò máa pè ní onílé, àwọn onílé tí ọ̀rọ̀ sì kàn níhìn-ín ni òkété, ọ̀yà, ẹmọ́, àgó àti ẹlírí tí ń bẹ nínú oko yí ìlú ká.

Nígbà tí a bá la inú òkété, fọ́nrán funfun bí òwú tí ń yí nínú ìfun ni aràn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. A máa ń kó o dànù pẹ̀lú ìfun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì gùn. Ẹ̀dọ̀ ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa. Bí ìlà funfun tàbí ìlà aláwọ̀ ìyeyè bá lọ wọ́rọ́wọ́rọ́ lórí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí aràn tí a ń pè ní Capillaria hepatica ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Abo aràn yìí ń yé ẹyin sínú ẹ̀dọ̀ gan-an, ẹyin náà kì í sì í rí ọ̀nà jáde títí eku yóò fi kú tí yóò jẹrà, tàbí títí ajá tàbí ológbò yóò fi jẹ ẹ́ tí yóò sì yà á jáde. Inú erùpẹ̀ ni ẹyin ti ń gbó dé ibi tí ó lè kó àrùn ran ẹlòmíràn, nítorí náà ẹ̀dọ̀ eku tí a jù sí ajá lẹ́yìn ilé, tí ó dà bí àánú, lè bá ọmọ tí ń fi erùpẹ̀ ṣeré níbẹ̀ tí ó bá yá.

Ọdẹ tún lè rí kòkòrò funfun tí ó ká bí òrùka, tí ara rẹ̀ ní oríkèé-oríkèé, tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ tàbí awọ inú. Armillifer ni orúkọ rẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀fóró ère àti paramọ́lẹ̀ ni àgbà rẹ̀ ń gbé, eku a máa gbé ẹyin rẹ̀ mì láti ara ohun tí itọ́ tàbí ìgbẹ́ ejò ti bà jẹ́, ọmọ rẹ̀ yóò sì ká jọ sínú eku náà títí ejò mìíràn yóò fi gbé e mì. Ènìyàn kì í sábà kó o láti ara eku. Ejò tí kò jinná, tàbí ọwọ́ tí ó pa ejò tí a kò fọ̀, ni ọ̀nà rẹ̀.

Àṣìṣe ni láti rò pé eku tí ó sanra kò ní àfòmọ́. Níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ bá pọ̀ lóko, onílé a máa bọ́ ara rẹ̀, a sì máa bọ́ àlejò tí kò pè. Ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, tàbí tí abo bá lóyún, ni gbèsè náà ń hàn, tí ẹ̀jẹ̀ kò ní tó mọ́, tí irun yóò máa re, tí ọmọ kò ní pọ̀. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2008 lórí eku inú igbó ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn: níbi tí a ti fún wọn ní oúnjẹ, tí a sì tún fún wọn ní oògùn aràn, iye wọn kò já wálẹ̀ tó ti ibòmíràn. Àfòmọ́ mìíràn tilẹ̀ ń yí ìwà onílé padà. Ní 2000, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Oxford ròyìn pé eku tí Toxoplasma bá wọ̀ lára kì í sá fún òórùn ológbò mọ́, bẹ́ẹ̀ inú ológbò gan-an ni Toxoplasma ti ń pèsè irú-ọmọ tí ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Eku tí ó jókòó sílẹ̀ kí a fi ọwọ́ mú un lọ́sàn-án gangan kì í ṣe oríire ọdẹ. Ó yẹ kí a fura sí i.

Kì í ṣe gbogbo àfòmọ́ eku ni ó ń ran ènìyàn. Ní 1967, a rí irú kòkòrò ibà kan nínú ẹ̀jẹ̀ eku tí ń gun igi ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, èyí tí a fi orúkọ orílẹ̀-èdè yìí pè ní Plasmodium yoelii nigeriensis. Kì í ṣe òun ni ẹ̀fọn fi ń dá ènìyàn dúbúlẹ̀, àmọ́ ó ti wúlò gidigidi fún ìdánwò oògùn ibà.

Ní ti ilé ìdáná, sísun irun òkété lójú iná kò tíì sè é: awọ lè dúdú kí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nídìí egungun. Kí ẹni tí ń la inú ẹran fi ọ̀rá tàbí ìbọ̀wọ́ bo ọwọ́, pàápàá bí ó bá ní egbò, kí ó ri ìfun àti ẹ̀dọ̀ tí kò dára mọ́lẹ̀ jìnnà sí odò, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ. Àwọn tí ń wa góòlù ní Ìtagúnmódì náà ní láti kíyè sí àjẹkù oúnjẹ tí wọ́n ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kòtò àti àgọ́, torí òun ní ń fa eku oko súnmọ́ ibùsùn. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Borno, kì í ṣe aràn, fáírọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lórí gaàrí ni ó ń bá wọlé. Bí ibà kò bá lọ lẹ́yìn tí aláìsàn ti lo oògùn, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun pa eku tàbí la inú rẹ̀ láìpẹ́, kí ó sì dárúkọ irú eku náà.