Ikú tí kò dé ìwé ìjọba: kí ló ń pa wá ní Ifangni?

Bí ìyá àgbà kan bá kú lóru ní abúlé kan ní Daagbé, ní kọ̀múùnù Ifangni, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sin ín kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹbí á ní ọjọ́ ló pé. Wọ́n á pe àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó àti l'Ájàṣẹ́, wọ́n á sì dá ọjọ́ ìnáwó. Ẹni tó máa rántí mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, kì í pọ̀. Bí kò bá sí ẹni tó débẹ̀, lójú ìjọba, ìyá ṣì wà láàyè.

Kì í ṣe Ifangni nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ ní 2021 pé nínú ikú mẹ́wàá lágbàáyé, bíi mẹ́rin ni kò sí lákọsílẹ̀. Ní ẹkùn Áfíríkà ti àjọ náà, ẹyọ kan nínú mẹ́wàá ló ń wọ ìwé. Kòrónà fi àlàfo yìí hàn gbangba: WHO ṣírò pé mílíọ̀nù 14.9 èèyàn ló bá a lọ ní 2020 àti 2021, yálà àrùn náà ló pa wọ́n tàbí wàhálà tó bá a wá. Iye tí àwọn ìjọba kéde kò ju bíi mílíọ̀nù 5.4. Fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ìfojúdíwọ̀n ni wọ́n lò, torí kò sí ìwé tí wọn ì bá ṣí wò.

Kí ló dé tí a kì í fi ikú sùn?

Ìwé ẹ̀rí ìbí ní ìwúlò tó hàn: ọmọ nílò rẹ̀ kó tó ṣe ìdánwò. Ìwé ikú ńkọ́? Opó òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ á wá a. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn fi ilẹ̀ tàbí owó báńkì sílẹ̀ á wá a. Ṣùgbọ́n ẹbí àgbẹ̀, ẹbí ìyá tó ń ta epo pupa, òbí ìkókó tó kú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n máa ná. Ìdí nìyẹn tí ikú obìnrin, tálákà àti ọmọdé fi máa ń bọ́ sílẹ̀ jù.

Ifangni tún ní tiẹ̀, torí bodè ni. Ìdírókò ti Nàìjíríà ló dojú kọ Ìgólò ti Ifangni. Ẹni tó ń ṣàìsàn ní Ìgólò lè sọdá lọ gba ìtọ́jú, kó kú síbẹ̀, kí wọ́n sì gbé e wá sin nílé. Bí wọn ò bá kọ ọ́ níhìn-ín, tí wọn ò kọ ọ́ lọ́hùn-ún, ó bọ́ mọ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì lọ́wọ́.

Òfin kọ́ ló wọ́n. Láti 1863 ni òfin ti wà l'Ékòó pé kí wọ́n máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, ANIP, iléeṣẹ́ ìdánimọ̀ aráàlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2017, ń kó àkọsílẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà, òfin tó jáde ní oṣù kìíní 2021 sì ti ètò náà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ikú tẹ́nikẹ́ni ò wá sọ, kọ̀ǹpútà ò lè mọ̀ ọ́n.

Kí ló pa á?

Orúkọ òkú nìkan kò tó. Fọ́ọ̀mù tí dókítà ń kọ láti ṣàlàyé ikú ní ìlà bíi mélòó kan. Ká sọ pé abiyamọ ló kú. Ìlà kìíní: ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀. Kí ló fà á? Ìlà kejì: ẹ̀jẹ̀ ya lẹ́yìn ìbímọ. Kí ló fa ìyẹn? Ìlà kẹta: ibi ọmọ kò wálẹ̀ tán. Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn ni àwọn oníṣirò ń wá, torí ibẹ̀ ni wọn ì bá ti gbà á là. Dókítà tó kàn kọ ọ́ pé "ọkàn dáwọ́ dúró" kò tíì sọ nǹkan kan. Òkú wo lọkàn rẹ̀ ṣì ń lù?

Ẹni tó kú sílé kò ní dókítà tó máa kọ fọ́ọ̀mù. Fún irú wọn, láwọn ibì kan, òṣìṣẹ́ máa ń lọ bá ẹbí lẹ́yìn ọ̀fọ̀, á jókòó tì wọ́n, á máa bi wọ́n: ṣé ibà mú un? Ọjọ́ mélòó? Ṣé ó ń wúkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú? Ṣé ó lóyún? Dókítà tàbí kọ̀ǹpútà á wá fi ìdáhùn wọn mọ ohun tó jọ pé ó pa á. Ní Íńdíà, irú ìwádìí yìí tú àṣírí ńlá: ní 2010, àwọn onímọ̀ sọ pé ibà ẹ̀fọn ń pa bíi 205,000 èèyàn tí kò tíì pé 70 ọdún lọ́dọọdún níbẹ̀. WHO ti rò pé kò ju bíi 15,000 lọ. Ilé ni ọ̀pọ̀ wọn kú sí, ìgbèríko sì ni.

Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe kárí Bẹ̀nẹ̀ ní 2017 sí 2018 bi àwọn ìyá ní iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tó kú. Ó rí i pé nínú 1,000 ọmọ, bíi 96 ni kì í pé ọdún márùn-ún. Iye orílẹ̀-èdè nìyẹn. Kò lè sọ fún mẹ́rì Ifangni abúlé tí àrùn ti ń pa wọ́n. Amẹ́ríkà ló ń náwó jù tẹ́lẹ̀ sórí ètò àgbáyé tí ìwádìí náà wà lábẹ́ rẹ̀, ní oṣù kejì 2025 ló sì dá owó náà dúró. Ẹni tó ń yá ojú ẹlòmíì ríran, ọjọ́ kan lè ṣókùnkùn fún un.

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ òwe ló lè mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹ́ kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa kọ ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ikú sílẹ̀ tó bá fi máa di 2030. Ní Ifangni, olórí abúlé, ìmáàmù, pásítọ̀ àti ẹni tó ń gbẹ́ sàréè ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹnìkan ti lọ. Bí mẹ́rì bá fún wọn ní ìwé tí wọ́n á máa kọ ọ́ sí, tó sì ń rán òṣìṣẹ́ wá gbà á láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹbí, iṣẹ́ tó kù kò ní le tó bí a ṣe rò.